Bí Ìjọba Bá Gé Owó Lọ́yà Ọ̀fẹ́, Ta Ló Ń San Án?

Ìròyìn náà kì í gùn. Wọ́n á ní ìjọba ibì kan ti dín owó ìrànlọ́wọ́ òfin kù, wọ́n á dárúkọ iye mílíọ̀nù tó lọ, wọ́n á sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Àwọn kan tó gbọ́ ọ á ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, àwọn lọ́yà ti jẹ àjẹyó." Àwọn mìíràn á ní, "Èmi ò jalè, n ò gún ẹnikẹ́ni lọ́bẹ, kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ lọ́yà ọ̀fẹ́?"

N ò bá wọn wí. Bí wọ́n ṣe ń ròyìn ọ̀rọ̀ náà ló fà á. Ṣùgbọ́n lọ́yà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìrànlọ́wọ́ òfin, owó oṣù ló ń gbà, owó oṣù ọ̀hún kì í sì í tó ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà níbòmíràn. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ò dẹ́ṣẹ̀ kankan. Lẹ́tà ló dé bá wọn nílé.

Kí ló ń jẹ́ ìrànlọ́wọ́ òfin ládùúgbò?

Ẹjọ́ pín sí ọ̀nà méjì gbòógì. Ẹjọ́ ọ̀daràn ni èyí tí ìjọba fi ń wọ́ èèyàn lọ sílé ẹjọ́ pé ó rú òfin, tí ẹ̀wọ̀n sì lè gbẹ̀yìn rẹ̀. Èkejì kò ní ọ̀daràn nínú rárá: onílé àti ayálégbé, ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ tí kò rí owó rẹ̀ gbà, tọkọtaya tó ń kọ ara wọn, onígbèsè àti ẹni tó ń sin ín ní gbèsè, ẹni tí ọ́fíìsì ìjọba dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ dúró, àjèjì tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ń parí lọ.

Fún ẹjọ́ ọ̀daràn, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti gbà pé kò yẹ kí wọ́n ju èèyàn sẹ́wọ̀n láìní agbẹjọ́rò. Ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ìdí èyí múlẹ̀ lọ́dún 1963 nínú ẹjọ́ Gideon, tálákà kan tó fi pẹ́ńsù kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láti inú ẹ̀wọ̀n. Oríṣi ẹjọ́ kejì, èyí tí kò ní ọ̀daràn nínú, kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ilé lè bọ́ lọ́wọ́ yín, wọ́n lè gba ọmọ lọ́wọ́ yín, láìsí lọ́yà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó sì bófin mu láti òkè délẹ̀. Ihò yìí ni ilé ìrànlọ́wọ́ òfin ládùúgbò wà láti dí.

Wọn kì í ṣe ilé ńlá. Èyí tó kọ́kọ́ ṣí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní North Kensington ní London lọ́dún 1970, ṣọ́ọ̀bù alápatà àtijọ́ ni wọ́n sọ di ọ́fíìsì. Ti Fitzroy ní Melbourne, ní Ọsirélíà, yàrá abẹ́ilẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1972. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n níwájú ilẹ̀kùn dídán àwọn lọ́yà ńlá lè ṣèèṣì yà sí irú ibi báyìí bó ṣe ń ti ọjà bọ̀. Nínú ilé, ẹ óò rí lọ́yà méjì tàbí mẹ́ta, àwọn olùdámọ̀ràn tí kì í ṣe lọ́yà ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ òfin ilé gbígbé tàbí ti gbèsè bí ẹní mowó, àti ẹnì kan tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má fojú kéré ẹni ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ibo lowó náà ti ń wá?

Láti ọ̀dọ̀ ìjọba ni èyí tó pọ̀ jù, àti díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn àjọ aláàánú. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà kan tún wà tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: èlé. Bí oníbàárà bá kó owó lé lọ́yà lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, àkáǹtì àpapọ̀ ni lọ́yà ń fi í sí, èlé tó bá sì gorí owó náà, ètò ìrànlọ́wọ́ òfin ló ni ín. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 2008, tí èlé báńkì fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo, owó yìí já wálẹ̀ ju ìdajì lọ láàárín ọdún méjì. Kò sí olóṣèlú tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gé e. Àsìkò yẹn gan-an sì ni ilé ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tíṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tí èrò kún ẹnu ọ̀nà ni kànga gbẹ.

Nítorí náà, gígé owó kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ gbangba-làṣá-á-ta. Ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà lọ́dún 2019, ìjọba yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń fún ètò ìrànlọ́wọ́ òfin, ìyẹn mílíọ̀nù 133 dọ́là. Ilé ìrànlọ́wọ́ ti Parkdale ní Toronto pàdánù ìdá 45. Ó tún lè jẹ́ òfin ni wọ́n máa fi yọ oríṣi ẹjọ́ kan kúrò pátápátá, èyí tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe.

Ẹ̀kẹta kì í dé inú ìròyìn rárá. Ìjọba á fi iye owó náà sílẹ̀ bó ṣe wà lọ́dún dé ọdún, nígbà tí owó ilé àti owó oṣù ń gòkè. Tàbí kó fi ààlà owó tó ń wọlé fún èèyàn sílẹ̀ síbi tó wà láti ọdún gbọọrọ, débi pé àwọn kò-là-kò-ṣagbe ló ń bọ́ síta. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi díẹ̀ kún owó oṣù rẹ̀ ti di "olówó" lójú ètò náà. Kò lẹ́tọ̀ọ́ sí lọ́yà ọ̀fẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè san owó lọ́yà tòótọ́ fún wákàtí mẹ́ta.

Ṣé ìdá 30 owó tó lọ, ìdá 30 iṣẹ́ ló bá a lọ?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò tó rọrùn ṣe é. Ká ní ilé ìrànlọ́wọ́ kan ń gba owó 100 lọ́dún, ẹ fi owó orílẹ̀-èdè tó bá wù yín sí i. Ká tún ní 40 nínú rẹ̀ ń lọ sórí ohun tí kò ṣeé gé: owó ilé, iná, kọ̀ǹpútà, ìnṣọ́ránsì tí lọ́yà gbọ́dọ̀ ní, owó ẹni tó ń yẹ ìwé owó wò lọ́dọọdún, àti owó oṣù lọ́yà àgbà kan tó gbọ́dọ̀ máa mójú tó iṣẹ́ àwọn yòókù. 60 tó kù ni owó àwọn tó ń bá èèyàn jókòó.

Ìjọba wá gé 30. Onílé tó ni ọ́fíìsì náà ò ní tìtorí ìyẹn dín owó ilé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún dírẹ́bà pé owó epo ti dínkù, nítorí náà kó máa fi táyà mẹ́ta wakọ̀. Inú 60 yẹn ni gbogbo 30 náà á ti jáde. Ìdajì àwọn tó ń bá èèyàn jókòó ti lọ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìdá 30 ni ìròyìn sọ.

Ta ló sì ń kọ́kọ́ lọ? Kì í ṣe lọ́yà tó ní ẹjọ́ níwájú adájọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó lè pa oníbàárà tì sí àárín kóòtù. Àwọn tó ń gbé fóònù ló ń lọ, àti ẹni ẹnu ọ̀nà, àti olùdámọ̀ràn ọ̀rọ̀ gbèsè, àti ọjọ́ Sátidé tí ẹni tí kò ráyè láàárín ọ̀sẹ̀ lè yà wọlé. Ohun tó ń ṣẹ́kù ni pàjáwìrì. Lójú tèmi, ibi tí ewu wà gan-an nìyí, iye owó tó lọ ò sì lè fi í hàn.

Lẹ́tà kan, ọjọ́ 14

Ká ní obìnrin kan wọlé pẹ̀lú àpòòwé tó ti ya létí. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn onílé rẹ̀, láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì gba àpòòwé náà, ṣùgbọ́n kò ka lẹ́tà. Ó yí àpòòwé sódì, ó gbé e súnmọ́ iná, ó ń wá òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ọjọ́ wo lẹ rí lẹ́tà yìí gbà?"

"Mọ́ńdè."

"Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ yìí ni àbí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

"Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Òní jẹ́ Ọjọ́rú. Ọmọbìnrin náà fìka kà á, ó sì kọ 9 sí igun ìwé. Lẹ́tà náà ní kí obìnrin yìí fèsì láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, onílé á gba ilé ẹjọ́ lọ. Ó ku ọjọ́ márùn-ún. Ìgbà yìí ló wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ka lẹ́tà. Owó ilé oṣù mẹ́ta ni obìnrin náà jẹ. Kí ló fà á? Owó ìrànwọ́ ilé tí ìjọba ń san ló dúró. Kí ló dá a dúró? Fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ibi tí kò gbé mọ́.

Nítorí náà, ẹjọ́ onílé kọ́ lẹjọ́ yìí rárá, ẹjọ́ fọ́ọ̀mù ni. Wọ́n pe ọ́fíìsì owó ìrànwọ́, wọ́n kọ ìwé sí onílé pé owó rẹ̀ ń bọ̀ àti ìdí tó fi pẹ́. Gbogbo rẹ̀ gba bíi wákàtí kan ààbọ̀, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ orin tí fóònù ń kọ kí wọ́n tó gbé e. Onílé gbà láti dúró. Kò sí adájọ́ tó gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. A kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́: obìnrin yìí àti onílé rẹ̀ ṣì máa jọ pàdé lẹ́nu géètì láàárọ̀ ọ̀la.

Ẹ wá jẹ́ kí obìnrin yìí kan náà dé ẹnu ọ̀nà, kó bá ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn: Tuesday nìkan la ń ṣí báyìí, ẹ tẹ̀ wá láago kẹ́ ẹ tó wá. Ó tẹ fóònù títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó padà sílé, ó ti lẹ́tà bọ inú dúrọ́ọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó bá ti bẹ̀rù lẹ́tà rí mọ bí dúrọ́ọ̀ ṣe ń rọrùn ṣí. Ọjọ́ 14 kọjá. Lẹ́tà tó tún dé, ti kóòtù ni. Ìsinsìnyí gan-an ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó di pàjáwìrì, ìsinsìnyí ni wọ́n lè fún un ní lọ́yà. Lọ́yà á jókòó lórí ìwé rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, á dúró ní kóòtù fún ìdajì ọjọ́ kan. Gbèsè ti wú, owó kóòtù ti gorí rẹ̀, onílé sì ti bínú débi tí kò fẹ́ gbọ́ àlàyé fọ́ọ̀mù mọ́.

Ní ọjọ́ méjì ààbọ̀ tí lọ́yà fi wà lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kan yìí, bíi mẹ́wàá àwọn tó ní lẹ́tà tirẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n dá padà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó bá fi máa di oṣù mẹ́ta sí i, àwọn náà ti di pàjáwìrì.

Ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ojú ara rẹ̀ rí

Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2013, òfin kan tí àwọn lọ́yà ń pè ní LASPO bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England àti Wales. Ó yọ ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tọkọtaya àti ti ọmọ kúrò nínú ohun tí owó ìrànlọ́wọ́ òfin ń san fún, àyàfi bí ẹni náà bá ní ẹ̀rí pé wọ́n ń lù ú tàbí wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ nílé. Ó yọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ gbèsè, ti owó ìrànwọ́ àti ti iṣẹ́ kúrò. Ó fi ilé gbígbé sílẹ̀ kìkì nígbà tí ilé bá ti fẹ́ bọ́ tàbí tó ti ń wó léèyàn lórí. Ẹ padà wo obìnrin wa: òfin yìí ò sanwó fún ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù, ó sanwó fún ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lé e jáde.

Èrò ìjọba lórí ẹjọ́ tọkọtaya kò burú láti gbọ́. Wọ́n ní àwọn lọ́yà ló ń koná mọ́ ìjà, bí wọ́n bá kúrò láàárín, tọkọtaya á lọ bá olùlàjà. Wọ́n fi owó ìlàjà sílẹ̀, wọ́n sì retí kí ìlàjà pọ̀ sí i gan-an lọ́dún àkọ́kọ́. National Audit Office, àwọn tó ń yẹ ìwé owó ìjọba wò, gbé àbọ̀ wọn jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2014. Dípò kí ìlàjà pọ̀, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn lọ́yà tí wọ́n lé lọ yẹn gan-an ló ń sọ fún oníbàárà wọn pé, "Ẹ kọ́kọ́ lọ rí olùlàjà ná." Nígbà tí kò sí wọn mọ́, kò sẹ́ni tó júwe ọ̀nà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ pé irú ibẹ̀ wà. Kóòtù tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n gbà lọ. Láàárín ọdún kan yẹn, ẹjọ́ ẹbí tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì ò ní lọ́yà fi ìdá 30 pọ̀ sí i.

Ẹ fojú inú wo irú yàrá bẹ́ẹ̀. Bàbá lápá kan, ìyá lápá kan, ìwé rẹpẹtẹ nínú àpò ọjà, adájọ́ ń ṣàlàyé ohun tí ìwé ẹ̀rí jẹ́ kó tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ibi tí ọ̀kan bá ti ń sọ pé èkejì máa ń lu òun: ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn náà ló máa dìde, tó máa bi ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ní ìbéèrè lójúkojú. Ó di òfin ọdún 2021 lórí ìwà ipá nínú ilé kí wọ́n tó ká a lọ́wọ́ kò. Báwo ni wọ́n ṣe ká a lọ́wọ́ kò? Kóòtù lè yan lọ́yà tí á bá a bi ìbéèrè yẹn. Owó ìjọba ni wọ́n fi ń san án.

Ṣé ìjọba ò wá jèrè nínú rẹ̀ ni?

Ó jèrè o, ká sọ òótọ́. Àwọn ayẹ̀wéwò kan náà gbà pé ètò náà á máa fi bíi mílíọ̀nù 300 pọ́n-ùn pa mọ́ lọ́dọọdún. Ohun tí wọ́n rí pé àwọn tí kò ní lọ́yà fi kún ìnáwó kóòtù ẹbí kò ju mílíọ̀nù 3.4 lọ. Àwọn tó ń gbèjà lọ́yà ọ̀fẹ́ kì í fẹ́ dárúkọ iye kejì yìí, ṣùgbọ́n n ò rí ìdí tó fi yẹ ká fi í pa mọ́. Ibi tí wọ́n ti ká iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ mọ́ ni pé kò mọ ohun tí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba yòókù ń san nítorí ìpinnu rẹ̀, kò sì wá a wò dáadáa kó tó gé owó.

Ìnáwó ńlá ò sí nínú ìwé kóòtù. Ẹni tí wọ́n lé nílé, ọ́fíìsì ilé gbígbé ló máa wá ibi tó máa sùn. Ẹni tí gbèsè gba oorun lójú rẹ̀, dókítà ló ń bá lọ. Àpò ọ̀tún ló ṣe ọrọ̀ ajé, àpò òsì ló ya, ọ̀gá tó sì ń ka ìwé owó àpò ọ̀tún kì í ka ti òsì.

Citizens Advice, àjọ aláàánú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbìyànjú láti ka méjèèjì pọ̀ lọ́dún 2010. Wọ́n ní £1 tí ìjọba bá ná sórí ìmọ̀ràn ilé gbígbé ń gba ìjọba lọ́wọ́ ìnáwó £2.34, ti gbèsè £2.98, ti owó ìrànwọ́ £8.80. Ẹ má gbé àwọn iye wọ̀nyí mì láìjẹ. Citizens Advice fúnra wọn ń fúnni nímọ̀ràn, kò sì sí alágbàfọ̀ tó máa ní aṣọ kì í dọ̀tí. Síbẹ̀, ẹ wo ibi tí iye tó ga jù wà: fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́, iṣẹ́ ìdí tábìlì yẹn gan-an.

Ṣé àwọn lọ́yà ńlá ò lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́?

Àwọn kan ń ṣe é, wọ́n sì ṣeun. Ṣùgbọ́n lọ́yà tó ti fi ogún ọdún kọ àdéhùn fún báńkì kò mọ òfin ayálégbé ju bí dókítà eyín ṣe mọ iṣẹ́ agbẹ̀bí lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì náà á kọ òfin jáde fún yín. Kò ní sọ fún yín pé ẹjọ́ yín kì í ṣe ẹjọ́ onílé. Ní Amẹ́ríkà, tí àwọn lọ́yà ti pọ̀ bí eṣú, ìwádìí tí Legal Services Corporation, àjọ tó ń pín owó ìjọba fún ìrànlọ́wọ́ òfin, gbé jáde lọ́dún 2022 fi hàn pé nínú 100 ìṣòro òfin tó lágbára tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, tó dé bá àwọn tí owó wọn kéré, 92 ni wọn ò rí ìrànlọ́wọ́ tó tó lé lórí tàbí tí wọn ò rí rárá.

Bí wọ́n bá dá owó padà ńkọ́?

Ní Ọsirélíà, wọ́n ti ṣètò pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ilé ìrànlọ́wọ́ òfin ládùúgbò máa lọ lóṣù keje ọdún 2017. Ariwo pọ̀, ìjọba sì yí i padà lóṣù kẹrin ọdún náà, ó kó mílíọ̀nù 55.7 dọ́là sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, fún wọn àti fún àwọn ilé ìrànlọ́wọ́ òfin ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti sọ fún pé iṣẹ́ rẹ̀ máa parí lóṣù kẹfà kì í dúró wo ohun tí ìjọba máa sọ. Á wáṣẹ́ síbòmíràn, á lọ. Ohun tó wà lórí rẹ̀ á bá a lọ: òṣìṣẹ́ wo ní ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ ló máa ń gbé fóònù, onílé wo ló ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀, adájọ́ wo ni kì í fara mọ́ ìwé tó pẹ́. Owó lè padà lọ́jọ́ kan. Ìmọ̀ yìí máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ irú ìròyìn yìí, iye mílíọ̀nù kọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ bèèrè oríṣi ẹjọ́ tí wọ́n yọ, ààlà owó tó ń wọlé tí wọ́n fi sí i, iye ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí, àti bóyá ẹnì kan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni lẹ́tà dé bá

Ẹ má dúró de ìgbà tí lẹ́tà kejì máa dé, bí ilé ìrànlọ́wọ́ tó wà nítòsí yín tilẹ̀ ti dín ọjọ́ tó ń ṣí kù. Ẹ lọ, ẹ kọ orúkọ yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ sọ ọjọ́ tí àsìkò yín máa pé kẹ́ ẹ tó sọ ìtàn. Ẹni tí àsìkò rẹ̀ ku ọjọ́ márùn-ún, wọ́n lè fà á síwájú. Ẹ kó gbogbo ìwé dání, títí kan èyí tẹ́ ẹ rò pé kò kan ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ ò bá rí ẹnikẹ́ni, ẹ fúnra yín kọ ìwé sí ẹni tó kọ lẹ́tà náà, pé ẹ ti rí i gbà, ẹ sì ń wá ìmọ̀ràn, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ìwé náà kẹ́ ẹ tó fi í ránṣẹ́.

Ẹ má sì ju àpòòwé nù. Ẹ kọ ọjọ́ tó dé sí ẹ̀yìn rẹ̀.